Ìpè Tó Wá Láti Etí Àpáta

Èmi kọ́ ni ẹni tó máa fi bẹ́ẹ̀dì ilé rẹ̀ sílẹ̀ lọ sùn sórí òkúta. Àbúrò mi obìnrin ló fà á. Abẹ́ òkè ní Bwari ni wọ́n ti tọ́ àwa méjèèjì dàgbà, lójoojúmọ́ la sì ń rí oòrùn tó ń wọ̀ lẹ́yìn òkè yẹn, àmọ́ Màmá ò jẹ́ ká gùn ún rí. Ó ku díẹ̀ kó pé ọdún kan tí a sin Màmá ni àbúrò mi ti ibi iṣẹ́ báńkì rẹ̀ dé, tó ní, "Àǹtí mi, ẹ jẹ́ ká lọ wo yíyọ oòrùn látorí òkè."

Mo ní, "Oòrùn wo? Ṣé èyí tó ń jó wa lórí ní ọjà Wuye ò tó ẹ ni?"

Kò rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ ìsìnkú, omijé ò tíì bọ́ lójú ọmọ yìí. Á lọ síbi iṣẹ́, á dé, á fi ìró Màmá bora, á sùn. Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí gidi, mo sì gbà.

Bàbá àgbẹ̀ kan tí oko wọn wà nísàlẹ̀ òkè ló mú wa gòkè ní ìrọ̀lẹ́. Bí mo ṣe ń mí hẹlẹhẹlẹ ni wọ́n ń kí mi pẹ̀lẹ́ ní "Sànnu, sànnu," bí ẹni ń kí aboyún tó ń rọbí. Wọ́n bá wa pàgọ́ síbi tó tẹ́jú, wọ́n wá nawọ́ sápá ìlà-oòrùn: ká má dé ọ̀hún o, àpáta ti tán níbẹ̀, ọ̀gbun ló kù. Wọ́n ní àwọn á padà wá tílẹ̀ bá mọ́, wọ́n bá lọ sílé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òfin ilé wa kan fún yín. Màmá kọ́ wa pé tí a bá gbọ́ tí wọ́n pe orúkọ wa, tí a ò rí ojú ẹni tó pè, a ò gbọdọ̀ dáhùn, ó lè jẹ́ iwin. Bí Màmá fúnra wọn bá pè wá láti kíṣìnnì, a máa ń sáré lọ yọjú ká tó ní "Mà." Àwọn ará ilé kejì tiẹ̀ rò pé odi ni wá.

Nígbà tí mo jí, ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán, kùrukùru ti bo gbogbo orí òkè. Mo nawọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ìró Màmá nìkan lọwọ́ mi bà. Mo bọ́ síta, mi ò rí àtẹ́lẹwọ́ ara mi. Mo pe àbúrò mi. Mo tún pè é, mo fi igbe bọnu, kò sí èsì. Ìgbà yẹn ló yé mi. Yéè! Ó lè jẹ́ pé ọmọ yìí ń gbọ́ mi. Kò rójú mi ni, kò sì ní í dáhùn láéláé, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ tiẹ̀ ń lọ sínú ọ̀gbun.

Kí ni mo fẹ́ sọ tí iwin ò lè sọ? Ìbínú ló gbà mí sílẹ̀. Mo figbe ta: "Ìwọ olójúkòkòrò yìí! Ìwọ tó jẹ ẹja inú ọbẹ̀ Màmá, tó o ní ológbò ilé kejì ni! Èmi ni wọ́n nà!"

Ohùn kékeré kan wá láti apá ìlà-oòrùn: "Àǹtí, ológbò náà ni o."

"Jókòó síbẹ̀! Má gbẹ́sẹ̀!"

Mo rákòrò lọ títí ọwọ́ mi fi ba ẹ̀yìn rẹ̀. Mo dì í mú.

"Ṣé orí ẹ pé? Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń pè ẹ́!"

"Mo gbọ́ ẹ̀yin náà, mà."

"Èmi náà kẹ̀? Ta ló tún pè ẹ́?"

Ó nawọ́ síwájú, síbi tí kò sí àpáta mọ́. "Màmá ni. Oríkì mi ni wọ́n ń pè, bí wọ́n ṣe máa ń pè é tára mi ò bá yá. Mo tẹ̀lé ohùn wọn débí. Mo wá rí i pé mi ò rójú wọn, mo bá jókòó." Ó gbé orí lé èjìká mi. "Àwọn ló ní kí n má dáhùn. Àǹtí mi, mi ò dá Màmá lóhùn."

Ẹkún tí kò sun láti ọjọ́ ìsìnkú ló wá sun. Oòrùn yọ níṣojú wa, ó pọ́n bí epo, kùrukùru sì ká. Ọ̀gbun náà wà níwájú ẹsẹ̀ rẹ̀ gan-an, mo sì ń rí òrùlé ilé wa nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún.

Nígbà tí bàbá àgbẹ̀ dé, wọ́n bi wá bóyá a rí oòrùn. Mo ní a rí i dáadáa.

Ohun tí mi ò tíì sọ fún àbúrò mi títí dòní rèé. Èmi náà ní oríkì. Màmá nìkan ló ń fi pè mí, kò sì sẹ́ni tó tún pè mí bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti lọ. Gbogbo bí mo ṣe ń rákòrò nínú kùrukùru yẹn, mo ń tẹ́tí, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ó dùn mí wọra. Ká ní èmi ni wọ́n pè láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ǹ bá dá wọn lóhùn.