Òkè Tí Mo Fi Sójú Ọ̀nà

Tí bàbá mi bá ń sọ̀rọ̀ nípa ìrìn àjò wọn, ọmọ ìka ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn ín. Wọn á dùbúlẹ̀ sórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ní Èjìgbò lẹ́yìn ìrun Àìlà, wọn á di ojú, ọmọ ìka ẹsẹ̀ wọn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í mì díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń yẹra fún ẹrẹ̀. Tí wọ́n bá dé etí odò, ẹsẹ̀ náà á dúró. Èmi tí mo jókòó tì wọ́n pẹ̀lú kálàmù á dúró pẹ̀lú wọn, àwa méjèèjì á sì jọ máa wo omi tí kò sí níbẹ̀.

Bàbá mi ti ṣòwò ní ilẹ̀ Faransé, lápá Abíjàn, fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹsẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fi lọ, nígbà tí ọkọ̀ kò tíì pọ̀ lójú ọ̀nà. Wọ́n mọ kéú dáadáa, ṣùgbọ́n wọn kò mọ ìwé tí à ń kà nílé ẹ̀kọ́ yìí. Èmi ni mo mọ ìyẹn. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni mí nígbà náà, ogun ńlá ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni, mo sì ń ṣe tíṣà ní ìlú Ara. Mo máa ń so táì mọ́rùn nínú oòrùn tó lè yan ẹ̀pà. Gbogbo ọjọ́ Sátidé ni mò ń gun kẹ̀kẹ́ wá sílé kí àwọn ará àdúgbò lè rí táì náà. Mo ti ka ìwé ìrìn àjò méjì tí àwọn òyìnbó kọ, mo sì gbà pé kò sí ohun tó kù tí n kò mọ̀ nípa bí wọ́n ṣe ń kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀.

Àbúrò mi obìnrin ló mú kí a máa kọ ìwé. Wọ́n ti so yìgì rẹ̀ fún ọmọkùnrin Èjìgbò kan tó ń ta aṣọ ní ìlú kékeré kan lójú ọ̀nà Abíjàn. Ọkọ kò sí nílé lọ́jọ́ náà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló jókòó dípò rẹ̀. Láti ìgbà náà, ọdún kan àti ààbọ̀, àbúrò mi kò tíì lọ. Bó bá sọ lónìí pé òjò ti pọ̀ jù, á sọ lọ́la pé ara ìyá wa kò yá. Ó fẹ́ràn ọkùnrin náà, gbogbo ilé ló mọ̀, torí bí a bá ti dárúkọ rẹ̀ ló máa ń wá iṣẹ́ ṣe níbòmíràn. Ọ̀nà ló ń bà á lẹ́rù.

Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin kan tó ti ibẹ̀ dé jẹ́ iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ fún un ní ojú gbogbo wa.

"Ó ní bí àwọn bá rí oṣù ààwẹ̀ tí òun kò tíì rí ọ, òun ti mọ̀ pé o ò fẹ́ òun nìyẹn. Kò bínú o. Ó kàn ní òun á ti mọ̀."

Àbúrò mi wọ yàrá lọ. Nígbà tó jáde, ó ní, "Ẹ wá ẹni tó máa bá mi débì kan."

A rí àwọn obìnrin oníṣòwò méjì tí yóò bá a dé Kùmásí. Láti ibẹ̀, òun nìkan ni. Bàbá mi wá ní, "Màá sọ ọ̀nà náà fún un. Kí tíṣà kọ ọ́ sílẹ̀."

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ bàbá mi lọ tààrà bí okùn aṣọ sísá.

"Ní Kùtọnù, má mu omi tí wọ́n ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Ṣé o ti kọ ọ́?"

"Mo ti kọ ọ́, Bàbá."

Ohun tí mo kọ ni pé ní Kùtọnù ni òkun ti ń mí bí ẹranko ńlá tó sùn. N kò rí òkun rí.

"Láti Kùmásí, apá ọ̀tún ni kó o jókòó sí nínú ọkọ̀, oòrùn kì í fi bẹ́ẹ̀ dé ibẹ̀. Bí sándáámù, ọlọ́pàá wọn, bá dá ọkọ̀ dúró ní ibodè, wí fún un pé bọ́njúù, bí wọ́n ṣe ń kíni nìyẹn, kó o sì wolẹ̀. Ní ọjọ́ kejì tó o bá kọjá ibodè, wàá rí igi àràbà kan lọ́wọ́ òsì, ààrá ti là á sí méjì. Sọ̀ níbẹ̀. Gbogbo ọjọ́ tí ọkọ̀ bá ń bọ̀ ni ọkọ rẹ máa wà nídìí rẹ̀."

Ọmọ ìka ẹsẹ̀ wọn dúró. Wọ́n ti dé.

Inú mi kò dùn sí igi náà. Kí èèyàn kúrò ní Èjìgbò, kó la ìlú àwọn ẹlòmíràn kọjá, kó gun ọkọ̀ títí eegun á fi máa dùn ún, kí ìrìn náà wá parí sí ìdí igi tó ti ya? Nínú ìwé òyìnbó méjèèjì tí mo kà, orí òkè ni ọ̀rọ̀ parí sí. Nítorí náà, nígbà tí mo ń da ìwé náà kọ kó lè mọ́, mo fi òkè sí i. Mo kọ pé: "Nígbà náà ni òkè ńlá kan yóò yọ sí ọ láti inú ìkùukùu, dúdú bí aró, orí rẹ̀ yóò fara kan ọ̀run, ní ẹsẹ̀ òkè náà ni igi àràbà kan dúró sí." Mo kà á fún ara mi lẹ́ẹ̀mẹta. Ó dùn mọ́ mi débi pé mo tú táì mi.

Àbúrò mi kò mọ ìwé kà, nítorí náà ó kọ́ ọ sórí bí àwọn ọmọ kéú ṣe ń kọ́ wàláà. Á máa bó ẹ̀gúsí, èmi á máa kà, òun náà á máa wí i tẹ̀ lé mi, ara rẹ̀ á sì máa mì síwájú àti sẹ́yìn. Ohùn rẹ̀ mú kí ìwé mi dára ju bí mo ṣe kọ ọ́ lọ. Ọyẹ́ ti dé nígbà náà, eruku funfun bo orí òrùlé gbogbo, ó sì máa ń dà bíi pé òkè náà wà lẹ́yìn ilé wa gan-an, pé bí eruku bá ṣí kúrò, a ó rí i.

Ní Sátidé kan bàbá mi gbọ́ ọ níbi tí wọ́n dùbúlẹ̀ sí.

"Òkè wo nìyẹn?"

Mo ní, "Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nínú ìwé nìyẹn, Bàbá."

Wọ́n di ojú. Mo rí ọmọ ìka ẹsẹ̀ wọn tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, ó rìn títí, ó dúró níbi tó máa ń dúró sí.

"Ẹrù wà lórí mi nígbà tí mo kọ́kọ́ gba ibẹ̀ kọjá," ni wọ́n wí nígbà tó yá. "N kò lè gbójú sókè. Ó lè wà níbẹ̀."

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti la ẹnu. Táì ni mò ń tún so.

Kí àbúrò mi tó lọ, bàbá mi ti ń sọ̀rọ̀ òkè náà fún àlejò. Ọkùnrin kan láti ìlú Ọlá, tó ti ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Faransé rí, búra pé òun ti fi omi ẹsẹ̀ òkè náà bọ́jú, pé ó tutù. Ẹnìkejì ní ọ̀bọ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹnìkẹta ní òun gùn ún dé ìdajì, ni òjò bá dé. Mo jókòó láàárín wọn bí ẹni tí ilé rẹ̀ ti kún fún ayálégbé tí kò mọ̀ rí.

Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, nígbà tí mo wà ní yunifásítì ní Ìbàdàn, olùkọ́ wa kan kọ́ wa nípa àwọn tó kọ́kọ́ kọ ìwé ìrìn àjò láyé. Wọ́n kọ ọ́ pé àwọn rí èèyàn tí kò ní orí, tí ojú rẹ̀ wà ní àyà, àti èèrà tó ń wa góòlù. Òmíràn lára àwọn tó wá sí ilẹ̀ wa jókòó sínú àga tí wọ́n fi aṣọ bò, àwọn ọkùnrin mẹ́rin gbé e, ó sì kọ ọ́ pé ọ̀nà náà le púpọ̀. Olùkọ́ wa bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọnà ńlá nìyẹn. Gbogbo kíláàsì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Èmi ń ronú nípa ọkùnrin Ọlá.

Ní ọdún tí mo kọ òkè náà, àbúrò mi lọ. Nígbà tí ààwẹ̀ ku bí ọjọ́ mẹ́ta, awakọ̀ kan tó mọ bàbá mi mú ìròyìn wá. Ó ní ọkọ̀ kan gbé obìnrin Ànàgó kan dé ìdí igi náà, pé orúkọ yẹn ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀. Ọkọ obìnrin náà dúró lódìkejì títì, ó ya agbòòrùn. Wọ́n pe orúkọ ìlú náà lẹ́ẹ̀mejì. Obìnrin náà wo igi, ó mi orí, ó ní kí wọ́n máa lọ.

"Wọ́n ní ọkùnrin náà kò ju ọwọ́," ni awakọ̀ wí. "Agbòòrùn yẹn nìkan ló ń gbọ̀n."

Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Nígbà tí awakọ̀ lọ, mo kúnlẹ̀ níwájú bàbá mi.

"Bàbá, kò sí òkè kankan níbẹ̀. Èmi ni mo fi sí i."

Wọ́n ní kí n dìde.

"Má sọ bẹ́ẹ̀," ni wọ́n wí. "Èèyàn mẹ́ta ló ti rí i."

Wọ́n rí oṣù. A gba ààwẹ̀, a túnu, a kò gbọ́ nǹkan kan. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ bàbá mi kò rìn lọ síbì kankan ní gbogbo oṣù náà. Lẹ́yìn ìtúnu ni iṣẹ́ dé pé àwọn méjèèjì ti wà papọ̀, àlàáfíà ni. Kò sí àlàyé.

Ọdún márùn-ún kọjá kí àbúrò mi tó wá sílé, ó pọn ọmọ kan, ó sì di òmíràn lọ́wọ́ mú. Èmi náà wà nílé fún ìsinmi. Ẹ̀yìn ilé ni a jókòó sí, ó ń yan àgbàdo.

"Mo rí igi náà, Ẹ̀gbọ́n mi," ni ó wí. "Mo tilẹ̀ rí ọkùnrin tó ya agbòòrùn, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti yàtọ̀. Mo wo ẹ̀yìn igi. Ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni. Mo ní igi mìíràn nìyí, òkè kò sí níbẹ̀."

"Wọn kò pe orúkọ ìlú ni?"

"Wọ́n pè é. Mo ní orúkọ lè jọra. Ẹ̀yin lẹ kọ ìwé, awakọ̀ kò kọ nǹkan kan."

Ó yí àgbàdo padà.

Gbogbo ibi tí ọkọ̀ ti dúró títí dé Abíjàn ló ti sọ̀ kalẹ̀ láti béèrè òkè. Kò gbọ́ èdè wọn. Nítorí náà á gbé ọwọ́ méjèèjì sókè orí, á fi ìka kan ìka, á wá fà wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì. Àwọn kan rò pé orí ló ń fọ́ ọ, wọ́n mú un lọ sí ilé alábẹ́rẹ́. Àwọn kan rò pé agbòòrùn ló fẹ́ rà. Ní Abíjàn, àwọn obìnrin Èjìgbò gbà á sílé. Ojoojúmọ́ ló ń lọ sí gáréèjì lọ ṣe òkè fún àwọn awakọ̀.

"Ọkọ rẹ náà ńkọ́?" ni mo bi í.

"Wọ́n ti ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nílùú. Wọ́n ní ìyàwó rẹ̀ wá, ó wò ó, kò sì sọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ̀ tó gbé mi padà débẹ̀, ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ náà fi bí mo ṣe ń ṣe ọwọ́ hàn án. Ọkọ mi ní ẹni tó kọ òun kì í máa fi ọwọ́ wá nǹkan báyẹn. Ó ti ilé ìtajà, ó wọ ọkọ̀. Ibi tó bá dé, á gbé ọwọ́ sókè, á ṣe òkè fún wọn, wọn á sì nawọ́ sí ọ̀nà Abíjàn. Gbogbo wọn ló rántí mi. Ọjọ́ tó ku ọ̀la kí oṣù ààwẹ̀ lé ni mo wà ní gáréèjì, mo gbójú sókè, mo rí ọkùnrin kan tó ń ṣe òkè bọ̀ wá bá mi."

Ó gbé àgbàdo kan lé mi lọ́wọ́. Mo fi í dí ẹnu. Wọ́n ti fún mi lẹ́bùn lórí ọ̀rọ̀ sísọ ní yunifásítì.

Lọ́jọ́ kejì ilé kún fún àlejò. Ọkùnrin Ọlá wà níbẹ̀, bàbá mi dùbúlẹ̀ sórí ẹní wọn.

"Ìyàwó wa," ni ọkùnrin Ọlá wí, "ìwọ tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibẹ̀ dé, sọ fún wọn. Ṣé o rí òkè yẹn?"

Àbúrò mi wo bàbá wa. Ó wò mí, ó pẹ́ díẹ̀ kó tó mú ojú kúrò lára mi.

"Mo rí i, ẹ̀yin Bàbá," ni ó wí. "Ọkọ mi ló gbé e wá bá mi."

Àwọn àlejò rẹ́rìn-ín, wọ́n ní bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ nílẹ̀ Faransé nìyẹn. Bàbá mi kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n di ojú. Lórí ẹní, ọmọ ìka ẹsẹ̀ wọn rìn dé ìdí igi àràbà, ó dúró díẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè.