Ìyá Tún-un-kà àti Nọ́ḿbà Tí Kò Ṣe é Pín

Ìyá Tún-un-kà ni wọ́n ń pè é ní ilé iṣẹ́ ọṣẹ tó ti ń yẹ ẹrù wò. Páálí kan kì í kọjá lẹ́nu ọ̀nà láìjẹ́ pé ó fọwọ́ ara rẹ̀ tú u, kó sì tún un kà. Bó ṣe ń fura sí páálí ló ń fura sí èèyàn, kò sì ṣe é bá wí. Ọkùnrin ẹlẹ́nu dídùn kan ló fẹ́ àbúrò rẹ̀, ẹ̀yìn ìgbéyàwó ni wọ́n tó mọ̀ pé ó ti níyàwó nílẹ̀.

Nígbà tí ọmọ rẹ̀ obìnrin mú àfẹ́sọ́nà wálé, olùkọ́ ìṣirò ni. Ojú ìyá kò kúrò lára rẹ̀. Níbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀, ọkùnrin náà ní, "Mọ́mì, ẹ kọ nọ́ḿbà láti ení dé ẹ̀wá, kẹ́ ẹ tún sọ̀ kalẹ̀ padà sí ení, kẹ́ ẹ má fàlàfo sí i: 12345678910987654321. Kò sí nọ́ḿbà tó lè pín in láìṣẹ́kù, àfi ení àti òun fúnra ẹ̀."

"Ta ló pín in wò?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ̀rín yẹn ni kò tẹ́ ìyá lọ́rùn.

Lọ́jọ́ kejì, lásìkò ìsinmi níbi iṣẹ́, ó fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ḿbà náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ páálí òfìfo. Ó fi ẹ̀ta pín in. Ó pín geere, kò ṣẹ́ ku nǹkan kan. Ó gbé páálí náà wálé, ó ní kí wọ́n ránṣẹ́ pe olùkọ́ wá.

"Inú ilé mi lo jókòó sí tó o parọ́ fún mi," ló fi pàdé rẹ̀.

Olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo páálí náà. "Mọ́mì, òdo lẹ kọ tẹ̀ lé ẹ̀sán. Ẹ̀wá ló yẹ kó jẹ́. Ẹ ti gbàgbé ení tó wà níwájú òdo."

Ìyá kò jẹ́ kó fọwọ́ kan ṣọ́ọ̀kì. Òun fúnra rẹ̀ tún un ṣe. Ẹ̀ta pín in, ó ṣẹ́ ku ení. Èje pín in, ó ṣẹ́ ku àrún. Síbẹ̀ ojú rẹ̀ kò rọ̀.

"Àwọn tó kù ńkọ́? Ṣé ìwọ fúnra ẹ ti pín in tán?"

Ọmọbìnrin náà ń wo ẹnu olùkọ́, bíi kó ṣáà sọ pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Rárá, Mọ́mì. Ẹni tó bá ní kóun pín in lọ́kọ̀ọ̀kan á darúgbó sídìí ẹ̀. Kọ̀ǹpútà ló yẹ̀ ẹ́ wò. Mo gbà á gbọ́, àmọ́ mi ò fojú ara mi rí i."

Ìyá gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀. Ọkọ àbúrò rẹ̀ ọjọ́sí, lẹ́nu tirẹ̀, kò sí ohun tí kò mọ̀, kò sí ohun tí ojú rẹ̀ kò rí.

"Jókòó," ló wí. "Níbo ni bàbá ẹ ń ṣiṣẹ́? Ṣé o ti gbéyàwó rí?"

Olùkọ́ dáhùn gbogbo rẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìyá gbàyè níbi iṣẹ́, ó lọ sí àdúgbò olùkọ́ lọ ṣèwádìí. Àwọn ará àdúgbò ní èèyàn dáadáa ni.

"Ẹ̀yin náà," ni ìyá bi wọ́n, "ṣé ẹ ò bá a tan?"

Olùkọ́ àti ọmọbìnrin náà ṣègbéyàwó lọ́dún kejì. Títí dòní, bí ọkọ ọmọ rẹ̀ bá pẹ́ wálé, ìyá á pè é lórí fóònù, á bi í pé ta ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yẹn.