Ta Ló Bọ́ Èèpo Ìwé Màmá Draha?

Màmá Drahomíra Sedmíková kú lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù kẹrin, nínú yàrá méjì tó ń gbé ní àdúgbò Židenice. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ni. Kò bímọ, ọkọ rẹ̀ sì ti ṣáájú rẹ̀ lọ tipẹ́tipẹ́. Květuše, aládùúgbò rẹ̀, ló bá a lórí àga lẹ́bàá fèrèsé, tó wọ aṣọ òde, bí ẹni tó fẹ́ jáde. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlú wá gbé e, wọ́n sun ún láìsí ìsìn, láìsí orin, láìsí ẹni tó dúró tì í. Kódà, ìwé ìkéde òkú tí a máa ń lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà, wọn ò lẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́ kẹsàn-án ni mo tó mọ̀. Mo gbé kéèkì lọ kí i, mo ń kan ilẹ̀kùn, Květuše ló yọjú láti ọ̀dọ̀ tirẹ̀.

"Ah, Radim! Ṣé wọn ò sọ fún yín ni? Wọ́n ti sun màmá."

"Ta ló sun ún?"

"Ìlú ni. Mo bi wọ́n léèrè pé ṣé a lè wá, wọ́n ní kò sí ètò kankan. Ẹ gbé kéèkì yẹn wọlé jàre, ẹ má dúró síbẹ̀ yẹn."

Mo lọ sí ibi tí wọ́n ti ń sun òkú. Eérú rẹ̀ wà nínú ìkòkò kan lórí pẹpẹ, láàárín àwọn ìkòkò mìíràn, nọ́ńbà ni wọ́n kọ sí i lára.

"Ṣé ẹbí yín ni?" Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ ló bi mí.

"Rárá. Ọ̀rẹ́ mi ni."

"Ẹ má bínú o, ẹ̀gbọ́n. Ẹbí nìkan là ń gbé e fún. Tó bá pé ọdún kan tẹ́nìkan ò wá, a ó dà á pọ̀ mọ́ tàwọn yòókù."

Àwọn àgbà ní ọjọ́ a bá kú là ń dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè. Màmá Draha kú, kò dère. Nọ́ńbà ló dà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí, ó ṣeé ṣe kó ti gbé yín rí. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi wa ọkọ̀ ojú irin ìgboro ní ìlú Brno yìí, láti Líšeň dé àárín ìlú, nínú yìnyín, nínú oòrùn. Lọ́jọ́ kan ní ọdún 1967, nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọge, ó yà sí ṣọ́ọ̀bù ìwé àlòkù kan kí òjò lè dá. Ó rí ìwé pẹlẹbẹ kan níbẹ̀. Bébà lásán ni èèpo rẹ̀. Òbírí pupa kan wà lójú èèpo náà, lábẹ́ rẹ̀ ni irin méjì tí ọkọ̀ ojú irin ń gbà, tí wọ́n gé láti inú fọ́tò, tí wọ́n ń lọ pàdé ara wọn lókèèrè.

"Mo rò pé àwa awakọ̀ nìkan la mọ̀ bí ayé ṣe ń rí látiwájú ọkọ̀ ni," ló sọ fún mi nígbà tí a kọ́kọ́ mọra. "Àfi bí mo ṣe rí i pé ẹnìkan ti yà á sára ìwé kí wọ́n tó bí mi. Radim, mo bú sẹ́kún níwájú ẹni tó ń tàwé. Ó rò pé owó ni mi ò ní."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Láti ọjọ́ náà, ó ń wá ẹbí ìwé yẹn kiri. Àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ wa kan ló ṣe irú ìwé bẹ́ẹ̀ láàárín ogun àgbáyé méjèèjì. Wọ́n ní kí ló dé tó jẹ́ olówó nìkan ló ń gbé àwòrán kọ́ sára ògiri? Wọ́n wá gbé iṣẹ́ ọnà wọn sójú èèpo ìwé, kí alágbàfọ̀ lè rà á lówó tí kò ju ti búrẹ́dì lọ. Ṣùgbọ́n àṣà kan wà nílẹ̀ wa nígbà náà. Ìwé kì í ní èèpo líle nígbà tí wọ́n bá ń tà á, bébà ni wọ́n fi ń bò ó. Ẹni tó bá lówó á gbé e lọ bá aránwé kó fi páálí tàbí awọ rán an, kí gbogbo ìwé inú pálọ̀ rẹ̀ lè bára mu. Aránwé á ya bébà òkè dànù. Báyìí ni ọ̀rọ̀ ṣe ṣẹ́kù tí àwòrán lọ. Lẹ́yìn náà, àwọn Jámánì dé, wọ́n dáná sun díẹ̀. Ìjọba kọ́múníìsì tó tẹ̀ lé wọn ní ìwé ọ̀bàyéjẹ́ ni, wọ́n fi ẹ̀rọ lọ èyí tó kù. Èyí tó ṣì ní èèpo rẹ̀ lára lónìí, èèyàn lè fi ọwọ́ kà á.

Awakọ̀ yìí kó igba ó lé mẹ́tàlá jọ. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú èèpo rẹ̀. Ní àsìkò tí wọ́n lè torí irú ìwé bẹ́ẹ̀ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni, ẹ̀yìn ìgò kùkúḿbà inú ọtí kíkan ló ń kó wọn pamọ́ sí ní àjà ilẹ̀.

Bí o bá lọ sílé rẹ̀, wàá bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, wàá ki ẹsẹ̀ bọ sálúbàtà tó gbé sílẹ̀ fún ẹ. Gbogbo ilé nílẹ̀ wa ló ń ṣe ìyẹn. Ṣùgbọ́n kò tán síbẹ̀.

"Ọwọ́ ńkọ́?"

"Mo ti fọ̀ ọ́ nílé, Màmá."

"Tilé ẹ nìyẹn. Wá fọ tibí."

Á dúró tì ẹ́ nídìí ẹ̀rọ omi títí wàá fi nu ọwọ́ gbẹ. Lẹ́yìn ìyẹn ló máa tó gbé ìwé kan sílẹ̀ níwájú ẹ, ẹyọ kan ṣoṣo, kò sì ní gbé kọfí wá títí yóò fi dá a padà sáyè rẹ̀.

Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, oníṣòwò kan wá láti Vienna, ó fẹ́ kó gbogbo rẹ̀. Màmá bi mí pé kí lòun máa ṣe.

"Ẹ má tà á, Màmá. Ìlú ló ni ín. Ẹ kó o fún ilé ìkàwé."

"Ṣé wọ́n á tọ́jú ẹ̀, Radim?"

"Iṣẹ́ wọn ṣáà nìyẹn, Màmá."

Ẹnu mi yìí ni mo fi sọ ọ́. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Bí mo bá ń bínú nínú ìwé yìí, kí ẹ mọ̀ pé mi ò yọ ara mi sílẹ̀.

Ó kó wọn fún ilé ìkàwé kan nílùú yìí. Agbẹjọ́rò ìwé ìròyìn wa ní kí n má dárúkọ rẹ̀, mi ò ní dá a, wọ́n mọ ara wọn. Àpótí mẹ́rìnlá ni. Nínú àpótí kọ̀ọ̀kan, ó fi káàdì kan sí òkè pátápátá, ó kọ ọ́ gàdàgbà-gadagba: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rán wọn, ẹ má gé etí wọn, ẹ má bọ́ èèpo wọn." Kò béèrè ohun mìíràn lọ́wọ́ wọn. Kò ní kí wọ́n fi orúkọ òun sára ògiri.

Lọ́jọ́ ìbí rẹ̀, nínú oṣù kẹta ọdún yìí, wọ́n pè é. Èmi ni mo bá a lọ. Ó wọ aṣọ búlúù. Wọ́n gbé òdòdó lé e lọ́wọ́, wọ́n bu wáìnì, wọ́n gbé búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí wọ́n to ẹyin àti ẹran lé kalẹ̀. Ọ̀gá àgbà wọn rẹ́rìn-ín, ó fa aṣọ tó bo pẹpẹ kan. Igba ìwé ó lé méjìlá ló wà níbẹ̀, páálí aláwọ̀ eérú ni wọ́n fi rán gbogbo wọn, wọ́n gé etí wọn dọ́gba, wọ́n sì kọ nọ́ńbà sí wọn lẹ́yìn.

"Màmá, ẹ wò ó! A ti bá yín tún wọn ṣe!"

Màmá mú ọ̀kan, ó ṣí i. Ó mú èkejì.

"Èèpo wọn ńkọ́?"

"Èèpo wo, Màmá?"

"Bébà iwájú. Èyí tó ní àwòrán."

"Àwọn bébà gbígbó yẹn? Áà, ẹ fọkàn balẹ̀. Òmíì ti ya. Àwọn tó rán an ti bá wa kó o dànù. Ìlànà wa ni, ìwé tí èèpo ẹ̀ bá ti jẹ́ bébà, a gbọ́dọ̀ rán an."

Gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́. Mo gbọ́ ọ pẹ̀lú etí mi. Màmá dá ìwé méjèèjì padà, ó tò wọ́n dáadáa, ó dúpẹ́ fún òdòdó. Inú ọkọ̀ la wà, a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ délé, nígbà tó sọ fún mi pé:

"Àwọn tó kórìíra wọn ò rí wọn mú, Radim. Àwọn tó láwọn fẹ́ràn wọn ló mú wọn."

Ọjọ́ kejìdínlógún lẹ́yìn náà ló kú. Dókítà ní ọkàn ni. Dókítà ò purọ́.

Ẹ jẹ́ kí n béèrè nísinsìnyí. Ta ló ṣí àpótí mẹ́rìnlá tí kò rí káàdì mẹ́rìnlá? Àbí wọ́n rí i, wọ́n rò pé awakọ̀ ò lè mọ ohun tí ọ̀mọ̀wé ò mọ̀? Ilé ìkàwé tó yẹ kó kọ́ wa ní ohun tí àwọn olówó fi pálọ̀ wọn bàjẹ́ lọ́gọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, ṣé òun náà ló tún wá parí iṣẹ́ wọn? Wọ́n ń sọ pé ìlànà ni. Ìlànà ò ní ọwọ́. Ọwọ́ ta ló di bíírò mú? Mo kọ lẹ́tà lẹ́ẹ̀mẹta. Ilé ìkàwé ní kí n lọ bá aránwé. Aránwé ní ohun tí wọ́n ní kí òun ṣe lòun ṣe, àti pé mọ́tò ti kó bébà náà lọ síbi tí wọ́n ti ń lọ̀ ọ́. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ páálí ẹyin ni wọ́n fi ṣe báyìí. Ọ́fíìsì ìlú ní ọ̀rọ̀ abẹ́lé ni. Nínú ìwé ìròyìn kékeré tí ilé ìkàwé ń tẹ̀ jáde, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ olóògbé "Drahoslava" tó fún wọn ní àwọn ìwé àtijọ́. Orúkọ rẹ̀ gan-an, wọ́n ṣì í kọ.

Mi ò retí pé ohunkóhun máa padà wá. Bébà tí wọ́n ti lọ̀ kì í tún di bébà tó jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ìkòkò eérú Màmá á pé ọdún kan, wọ́n á sì dà á pọ̀ mọ́ tàwọn yòókù. Ẹ̀yin ilé ìkàwé, mi ò ti ẹ̀ ní bá yín sọ̀rọ̀ mọ́, bí kì í bá ṣe lẹ́tà tí ẹ kọ sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Ẹ ní ìwé kan dín nínú àwọn tí Màmá kọ sínú àkọsílẹ̀. Ẹ ní ẹ mọ̀ pé ọwọ́ mi ló wà, pé kí n dá a padà láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá, kí ẹ lè tún un ṣe bí àwọn yòókù.

Òótọ́ ni, ọwọ́ mi ló wà. Màmá yá mi kí n lè kọ̀wé nípa rẹ̀, ó ní kí n má jẹ́ kí oòrùn rí i. Èyí tó ní òbírí pupa ni, tó ní irin méjì. Àkọ́rà rẹ̀ ni. Òun nìkan ló ṣì ní èèpo.

Ti yín ni lóòótọ́, mi ò jiyàn. Ẹ wá gbà á. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ bá rán wá, kó mú bébà tó pàṣẹ pé kí wọ́n rán àwọn ìwé yòókù dání, kí orúkọ ẹni tó buwọ́ lù ú sì hàn lára rẹ̀ ketekete, kí n lè tẹ̀ ẹ́ síbí yìí fún gbogbo ìlú kà. Kó bọ́ bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀rọ omi wà lápá òsì bó bá ti wọlé, èmi fúnra mi ni màá dúró tì í títí yóò fi fọ ọwọ́ rẹ̀.