Àyẹ̀wò Aago Mẹ́wàá

Mi ò ní purọ́ fún yín. Ọ̀pọ̀ nǹkan tí mo ti fi ọwọ́ ara mi kọ sínú ìwé àyẹ̀wò àwọn aláìsàn ni mi ò ṣe. Kí ẹ tó bínú sí mi, ẹ jẹ́ kí n sọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí.

Wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin ni mo wà, ní ilé ìwòsàn kan ní Ajégúnlẹ̀, níbi tí ìró fèrè tírélà ti ń wọlé láti Àpápá bí a bá ti ṣí fèrèsé. Bẹ́ẹ̀dì ọgbọ̀n, nọ́ọ̀sì méjì. Mẹ́rin ni wá tẹ́lẹ̀. Ọ̀kan lọ sí Saudi, ọ̀kan lọ sí Canada, wọn ò sì fi ẹnikẹ́ni rọ́pò wọn. Èmi àti àbúrò kan tí kò tíì pé ọdún méjì tó jáde ilé ẹ̀kọ́ ló kù sí dúútì àárọ̀.

Aago mẹ́fà, aago mẹ́wàá àti aago méjì ni a gbọ́dọ̀ wọn ìfúnpá gbogbo wọn, kí a wo bí ara wọn ṣe gbóná tó, kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ti aago mẹ́wàá ló máa ń fẹ́ pa wá. Aago mẹ́wàá ni dókítà ń dé, òun náà ni wọ́n ń gbé aláìsàn tuntun wọlé, òun náà ni omi tí a fà sí ẹnì kan lára máa ń tán, tí ẹnì kejì á ní ìtọ̀ ń gbọ̀n òun. Ohun tí a wá máa ń ṣe ni pé a ó wo aláìsàn láti òkèèrè. Bó bá ń sọ̀rọ̀, tó ń rẹ́rìn-ín, a ó wo ohun tí a kọ fún un ní aago mẹ́fà, a ó yí i padà díẹ̀, a ó kọ ọ́ sí aago mẹ́wàá. A tilẹ̀ lórúkọ tí à ń pè é láàárín ara wa: ìfúnpá ojú. “Àǹtí, ṣé ẹ ti ṣe ti bẹ́ẹ̀dì kẹfà?” “Mo ti fojú wọ̀n ọ́n.” A ó rẹ́rìn-ín, a ó sì máa sáré lọ.

Èmi gan-an kì í ṣe ẹni tí ara rẹ̀ máa ń lélẹ̀. Ìyá mi máa ń ní bí mo bá jókòó sórí àga, àga ò ní mọ̀ pé ẹnì kan jókòó. Iṣẹ́ yìí wá bá a rìn. Bí mo bá wà níwájú aláìsàn kan, ọkàn mi ti wà lọ́dọ̀ èyí tó kàn. Bí mo bá délé, mi ò lè rántí ojú ẹnì kankan nínú wọn, nọ́ńbà bẹ́ẹ̀dì wọn nìkan ni mo mọ̀. Ó máa ń bà mí nínú jẹ́.

Ẹnì kan wà tí mo mọ ojú rẹ̀. Bàbá kan ni, ní bẹ́ẹ̀dì kẹsàn-án, awakọ̀ tírélà tó ti ń gbé kọ̀ǹténà ní wáàfù láti ìgbà tí mo ti wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìtọ̀ ṣúgà ló gbé e wá, pẹ̀lú egbò kan ní àtẹ́lẹsẹ̀ tó kọ̀ tí kò jinná. Ìyàwó ilé ìwòsàn ló ń pè mí. Ó ní òun ń rí mi ju bí ọkọ mi ṣe ń rí mi lọ. Màá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó máa ń dùn mí, nítorí òótọ́ ni.

Ní aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ tí mò ń wí yìí, mo gún un ní abẹ́rẹ́ tó ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Ẹni tí a bá gún ní abẹ́rẹ́ yẹn gbọ́dọ̀ jẹun kíákíá. Bí kò bá jẹun, ṣúgà ara rẹ̀ á lọ sílẹ̀ jù, á máa làágùn, á máa sọ ìsọkúsọ, á sì dákú.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹun báyìí o.”

“Búrẹ́dì mi rèé. Kí tíì yìí tutù díẹ̀ ni mò ń retí.”

Ó yẹ kí n dúró kó fi òkèlè kan sẹ́nu. Mo ti wà ní bẹ́ẹ̀dì kẹwàá.

Kò pẹ́ tí aago mẹ́sàn-án àbọ̀ lù tí ọmọbìnrin akẹ́kọ̀ọ́ kan láti yunifásítì wọlé pẹ̀lú ìwé ìbéèrè. Ó ń ṣe ìwádìí lórí bí iṣẹ́ ṣe pọ̀ tó fún àwọn nọ́ọ̀sì àti bóyá iṣẹ́ náà tẹ́ wọn lọ́rùn. Ó ní òun á padà wá gbà á kí a tó lọ sílé. Mo fi bírò máàkì rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ láì kà á: ó tẹ́ mi lọ́rùn gan-an, ó tẹ́ mi lọ́rùn gan-an. Bí mo ṣe parí ìyẹn ni mo fa ìwé àwọn aláìsàn súnmọ́ ara mi, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ aago mẹ́wàá tiwọn. Nígbà tó kan bẹ́ẹ̀dì kẹsàn-án, mo gbójú sókè, mo rí aṣọ ìbora tó wú sókè bí ìgbà tí ènìyàn bá sùn sábẹ́ rẹ̀. Mo kọ ọ́ pé ìfúnpá rẹ̀ jẹ́ àádóje lórí ọgọ́rin, pé ara rẹ̀ ò gbóná, pé ó ń sinmi.

Aago méjìlá kọjá díẹ̀ nígbà tí ìyàwó rẹ̀ gbé oúnjẹ ọ̀sán dé. Ó ká aṣọ ìbora náà kúrò. Irọ̀rí méjì ló wà lábẹ́ rẹ̀.

“Àǹtí nọ́ọ̀sì, abeg, dádì àwọn ọmọ mi dà?”

Tíì wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù, ó ti tutù. Búrẹ́dì wà nínú ọ̀rá, kò tú u. Ọ̀gbẹ́ni tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kẹwàá ń wo òrùlé bí ẹni pé kò gbọ́ ohun tí à ń sọ. Ìyàwó bàbá náà dojú kọ ọ́, ni ọkùnrin náà bá jẹ́wọ́.

“Dem call am for phone. Wọ́n ní turn ẹ̀ ti kàn ní wáàfù, tí ò bá gbé tírélà ẹ̀ síwájú, àwọn á tì í sẹ́yìn. Ó ní kí n má sọ fún nọ́ọ̀sì.”

Màtírọ́ọ̀nù wa ti gbọ́ ariwo. Ó mú ìwé àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀dì kẹsàn-án, ó kà á, ojú rẹ̀ rọ̀. “Ó ṣì wà níbí ní aago mẹ́wàá, ara rẹ̀ sì dá. A jẹ́ pé ó ti jẹun nìyẹn. Kò tíì rìn jìnnà. Ẹ jẹ́ kí àwọn ẹ̀ṣọ́ wò ó ní àyíká géètì.”

Wọ́n ti ń lọ sí géètì. Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kó ti lọ láti aago mẹ́jọ. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì.

“Màmá,” mo ní fún màtírọ́ọ̀nù, “mi ò rí wọn ní aago mẹ́wàá. Aago mẹ́jọ ni mo rí wọn kẹ́yìn, mo sì ti gún wọn lábẹ́rẹ́. Wọn ò jẹun.”

Wákàtí mẹ́rin. Ìyàwó bàbá náà ò bú mi. Ó ti ń sáré jáde, mo sì sáré tẹ̀ lé e pẹ̀lú ṣúgà nínú ọ̀rá àti ìgò mínírà kan, mo fi nọ́ńbà mi sínú fóònù rẹ̀, ó wọ kẹ̀kẹ́ márúwá, ó di Wharf Road. Mo fẹ́ bá a lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n ti gbé ẹnì kan tó fara pa nínú jàǹbá dé, àbúrò mi nìkan ló wà lórí rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ti kún ọwọ́ rẹ̀. Mo padà sínú wọ́ọ̀dù.

Mi ò mọ ohun tí mo ṣe láàárín ìgbà yẹn. Mo pààrọ̀ omi, mo di egbò, mo ki fóònù bọ àpò, mo tún yọ ọ́. Mò ń pe bàbá náà, fóònù ń dún, kò gbé e. Mò ń rí i lójú mi nídìí ọkọ̀ ńlá yẹn, kó máa làágùn, kó tẹ iná mọ́ ọkọ̀, káwọn ọmọ ilé ìwé máa rékọjá níwájú rẹ̀. Ó tó ogójì ìṣẹ́jú kí fóònù mi tó dún.

“Mo ti rí i! He dey inside motor. Ó ti làágùn tán, kò dá mi mọ̀. Àwọn driver ní ọtí ló mu!”

“Kì í ṣe ọtí! Ṣé wọ́n lè gbé nǹkan mì?”

“Ó ń gbé itọ́ mì.”

“Ẹ gbé wọn jókòó. Ẹ fún wọn ní mínírà yẹn díẹ̀díẹ̀, ẹ má dà á sí wọn lẹ́nu.”

Mo dúró láàárín wọ́ọ̀dù, fóònù létí, mò ń gbọ́ fèrè tírélà àti ohùn rẹ̀ tó ń pe ọkọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ohùn bàbá náà, ó rọ̀ gan-an, ó ń bèèrè ẹni tó mú un wá sí wáàfù. Mo fi ẹ̀yìn ti ògiri, mo sunkún. Ìlà tírélà tó tò lọ sí wáàfù kò sún rárá láti ìgbà tí bàbá ti wọ inú ọkọ̀, kò sì wà á lọ síbì kankan. Ojoojúmọ́ ni mo máa ń ṣépè fún ìlà yẹn, ọjọ́ náà ni mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Wọ́n gbé e padà kó tó di aago méjì. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó fa omi sí i lára, ó ní yóò yè é. Màtírọ́ọ̀nù pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan.

“Ohun tó o sọ fún mi lẹ́ẹ̀kan, mi ò gbọ́ ọ. Lọ tún ìwé ẹ ṣe káwọn dúútì ọ̀sán tó dé.”

Àbúrò mi ti mú ìwé tuntun dání. “Àǹtí, ẹ jẹ́ ká ya ìyẹn, ká kọ òmíì. Ta ló máa mọ̀?” Bàbá fúnra rẹ̀ gbọ́, ó gbórí sókè lórí irọ̀rí. “Màá sọ pé o rí mi ní aago mẹ́wàá, lẹ́yìn náà ni mo sá. Tí wọ́n bá lé ẹ, ta ló máa wẹ egbò ẹsẹ̀ mi?”

Ohun tó dùn mí jù nìyẹn. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á, ó sì tún fẹ́ bá mi purọ́.

Òfin wa ni pé bí nọ́ọ̀sì bá kọ àṣìṣe, kò gbọ́dọ̀ pa á rẹ́. Ìlà kan ṣoṣo ni yóò fà sí i, kí ẹni tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn lè ka ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀, yóò sì fọwọ́ sí i. Mo fa ìlà sí àádóje lórí ọgọ́rin. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé mi ò yẹ̀ ẹ́ wò. Mo fọwọ́ sí i. Mo rò pé mo ti parí ni, àfi bí mo ṣe ṣí ìwé bẹ́ẹ̀dì kẹjọ. Ìfúnpá ojú ni. Bẹ́ẹ̀dì kejìlá náà. Mọ́kànlá ni mo fa ìlà sí.

“Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n lé wa ni?” Ẹkún ti wà lójú àbúrò mi.

“Tèmi ni mò ń fà. Mi ò fọwọ́ kan tìẹ.”

Lẹ́yìn náà mo gbé ẹ̀rọ ìfúnpá, mo lọ wọn àwọn mọ́kànlá náà. Ní bẹ́ẹ̀dì kọkànlélógún, ara ọkùnrin kan tí mo ti kọ ọ́ pé kò gbóná ń jó bí ìkòkò orí iná. Kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní òun rí i pé ọwọ́ wa dí.

Akẹ́kọ̀ọ́ yẹn padà wá gba ìwé rẹ̀. Mo fa ìlà sí gbogbo ohun tí mo máàkì, mo wá di bírò mú títí, mi ò mọ èyí tí ǹ bá yàn. Ó ní kò burú, òun á mú òmíì wá.

Kúẹ́rì mi, ìwé tí wọ́n fi ní kí n wá ṣàlàyé ara mi, dé lọ́jọ́ kẹta, ẹjọ́ náà ò sì tíì parí bí mo ṣe ń kọ èyí. Màtírọ́ọ̀nù ò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Kò sí nọ́ọ̀sì tuntun tó dé.

Ṣùgbọ́n àárọ̀ ọjọ́ kejì gan-an ni mi ò lè gbàgbé. Mo ti dúró lórí bàbá náà títí ó fi jẹ búrẹ́dì rẹ̀ tán, ó ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ láti bí mi nínú. Nígbà tí aago mẹ́wàá lù, wọ́ọ̀dù dà rú bó ṣe máa ń dà rú. Láti òdìkejì ni mo ti rí i, ó na apá rẹ̀ sílẹ̀ lórí aṣọ ìbora, ó ti ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó ń dúró dè mí. Kò pè mí. Nígbà tí mo fi máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, apá náà ṣì wà níbẹ̀. Mo di ẹ̀rọ ìfúnpá mọ́ ọn, mo wọ̀n ọ́n, mo wo aago. Aago mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú ni mo kọ.

Nígbà tí a ń lọ sílé, ìwé bẹ́ẹ̀dì mẹ́fà ṣì ṣófo ní ti aago mẹ́wàá, torí mi ò dé ọ̀dọ̀ wọn. Mo fi àyè wọn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì fọwọ́ sí i nísàlẹ̀.