Ẹ̀jẹ̀ Gàníyù

Ní ilé ìwòsàn aládàáni kan tí mo ti ṣiṣẹ́ ní Ring Road lẹ́yìn ọdún 1990, bí wọ́n bá fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún aboyún, ọkọ rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń ní kó fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Èmi ni mo ń yẹ ẹ̀jẹ̀ náà wò kí a tó gbà á, torí àrùn éèdì ti dé, kì í sì í kọ sójú ẹnikẹ́ni.

Gàníyù, jórinjórin ní Challenge, ti ká ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ sókè kí n tó ní kó jókòó. Apá rẹ̀ nípọn bí igi àjà.

“Àǹtí, ẹ fà á dáadáa o. Ẹ̀jẹ̀ ò gbọdọ̀ wọ́n Sìdí ìyàwó mi.”

“Jẹ́ kí n rí iṣan ná,” ni mo wí. Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín.

Mo yẹ̀ ẹ́ wò. Mo tún un ṣe lọ́nà mìíràn. Kòkòrò éèdì wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin tí kò sí ohun tó ń ṣe é rárá. Nígbà náà, ọwọ́ wa ò tíì tó oògùn tó lè bá a jà. Mo ti ilẹ̀kùn, mo sọ fún un. Mo rò pé yóò pariwo.

“Ta ló máa fún Sìdí lẹ́jẹ̀ báyìí?” ni ohun tó béèrè.

“Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà níta. Èmi kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Àmọ́ Sìdí gbọ́dọ̀ gbọ́ tára rẹ̀ bá ti mókun.”

Ó jáde. Ìyá Sìdí dìde: “Wọ́n ti gbà á?”

Gàníyù dọ̀bálẹ̀. “Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀rù abẹ́rẹ́ ló bà mí.”

“Ọmọ mi ń kú lọ, abẹ́rẹ́ lò ń bẹ̀rù! Ojo!”

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó dùn mí wọ eegun. Ẹ̀gbọ́n Sìdí ló fẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Ìyá là, ọmọ là.

Nígbà tí ojú abẹ san, Gàníyù fúnra rẹ̀ ló mú ìyàwó rẹ̀ wá. Ó ti sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo yẹ ẹ̀jẹ̀ Sìdí wò, kò sí kòkòrò kankan níbẹ̀. Gàníyù gbórí lé tábìlì mi, ó sunkún bí ọmọdé.

Ọmọ náà kò tíì tó ilé ìwé lọ tí bàbá rẹ̀ fi kú. Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, Sìdí mú ìyá rẹ̀ wá kí n wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

“Gàníyù tọ́jú ọmọ mi, Ọlọ́run yóò fọ̀run kẹ́ ẹ,” ni ìyá wí. “Ojo tó jẹ́ yẹn nìkan ni.”

Sìdí gbójú sókè. “Màmá, ẹ má pe ọkọ mi ní ojo mọ́.”

Ìyá bi í pé kí ló dé. Sìdí ká ọwọ́ ẹ̀wù ìyá rẹ̀ sókè fún mi. Ìyá wá yíjú sí mi. Mo ní kó na apá rẹ̀.