Òkè Alédjo Tí A Fẹ́ Lọ Wò

Ìyàwó mi ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. A jókòó sábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìn ilé wa ní Tchaourou. Òun ń bó iṣu, èmi ń ṣe bí ẹni tó ń yẹ ìwé àwọn ọmọ kíláàsì mi wò. Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

"Mẹ́tírì, mo fẹ́ kí o fi mọ́tò gbé mi lọ sí Togo."

Mẹ́tírì ni gbogbo ìlú ń pè mí nítorí iṣẹ́ olùkọ́ tí mò ń ṣe, òun náà sì ti bá wọn sọ ọ́ dorúkọ. Mo bi í pé kí la fẹ́ lọ rà.

"A ò ra nǹkan kan."

"Ta ló wá kú níbẹ̀?"

"Kò sẹ́ni tó kú. Òkè ni mo fẹ́ lọ wò."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ẹni tó bá mọ agbègbè wa kò ní bá mi wí. Àwa kì í rìnrìn àjò ìwòran. Tí a bá sọdá bodè, a lọ rajà ni tàbí a lọ tajà, tàbí kí ọmọ ìyá ẹni bímọ, tàbí kí wọ́n fẹ́ sin òkú. Ìyàwó mi ti lọ sí Nàìjíríà débi pé àwọn aṣọ́bodè ń bá a ṣàwàdà, àmọ́ tí o bá bi í bí ibẹ̀ ṣe rí, ìsọ̀ ibi tí wọ́n ti ń ta ike tó nípọn ló máa júwe fún ọ.

"Òkè?" mo ní. "Ṣé òkè ló ránṣẹ́ pè ọ́ ni?"

"Mẹ́tírì, mi ò ṣeré."

Ìgbà yẹn ni ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu mi. Kò tíì pẹ́ tí a ti ọ̀dọ̀ dókítà ojú ní Parakou dé. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí ó máa ń bu omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife dípò inú rẹ̀, tí ó máa ń fi èjìká gbá férémù ilẹ̀kùn, tí á wá máa bú káfíńtà tó ṣe é. Dókítà ní ìfúnpá inú ojú ni. Ó ní ibi tó ti kú nínú ìríran rẹ̀ ti kú náà nìyẹn, pé èyí tó ṣẹ́ kù ni oògùn kíkán máa bá wa tọ́jú, tó bá gbà. Bó ṣe sọ "tó bá gbà" yẹn la gbé wálé.

Obìnrin ará Togo kan tó máa ń wá ra kajú lọ́wọ́ ìyàwó mi ló ti sọ fún un nípa Alédjo, níbi tí wọ́n ti la àpáta sí méjì kí ọ̀nà lè gba àárín rẹ̀ kọjá. Ó ní tí èèyàn bá wá sọ̀ kalẹ̀ títí dé Kpalimé, ìkùukùu máa ń wá jókòó sójú títì láàárọ̀ bí àgùntàn.

"Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, ebè ni mò ń wò," ìyàwó mi wí. "Kí ojú yìí tó lọ, mo fẹ́ kó rí nǹkan tó ga."

Mo pa ìwé àwọn ọmọ kíláàsì mi dé.

A bẹ̀rẹ̀ ètò. Mo ṣí máàpù lórí fóònù, òun á gbé fóònù náà sápá ọ̀tún, nítorí ojú ọ̀tún ló ṣì sàn díẹ̀. A ó gba Bétérou jáde sí Djougou, a ó sọdá sí Kara, a ó wá kọjú sí ìsàlẹ̀, Alédjo, Sokodé, títí dé Kpalimé. Ìka ìyàwó mi ti rin ọ̀nà náà débi pé mo sọ fún un pé epo inú ìka ẹ̀ máa tó tán. Ó ní apá ọ̀tún níwájú lòun máa jókòó sí, kí n má sì sáré kọjá ohun tí òun fẹ́ wò. Mo gbé mọ́tò lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, mo ṣe ìwé bodè, mo ra táyà tuntun.

Ìlú gbọ́. Ẹ̀yin náà ẹ wo ẹjọ́. Èyí ní ìwòsàn la ń lọ, ó ń kí wa pẹ̀lẹ́. Èyí ní a ti rí iṣẹ́ sí Lomé, à ń fi pa mọ́. Kò sẹ́ni tó gbà pé òkè lásán ni. Ìyá àgbà kan ní abúlé Goro tiẹ̀ fi alùpùpù kó iṣu ránṣẹ́ sí wa, pé ká bá òun gbé e fún àbúrò òun ní Sokodé, níwọ̀n ìgbà tí mọ́tò wa máa ṣófo.

"Mọ́tò yìí ò ṣófo," ìyàwó mi dá ọlọ́kadà náà lóhùn. "Awòran méjì ló kún inú ẹ̀. Ẹ kí màmá fún mi."

Ìgbà wo la máa lọ? Ìyẹn ò tiẹ̀ gba ìjíròrò. Tí a bá wa iṣu tán, tí kajú ò sì tíì bẹ̀rẹ̀ sí í já, ìgbà yẹn lọwọ́ máa ń dilẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ìgbà yẹn là ń gbéyàwó, ìgbà yẹn là ń kan páànù, ìgbà yẹn là ń lọ kí èèyàn. Àwa méjèèjì, ọmọ àgbẹ̀ ni wá, a mú ìgbà náà láìronú, bí ẹni ń mí.

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ọkùnrin, tí àwọn ọmọ wa ń pè ní tonton, ń wa tírélà lọ sí Togo. Ó yà kí wa nígbà tí ìrìn àjò ku díẹ̀. Ètè gbogbo wa ti ń là, ọyẹ́ ti pa orùlé aládùúgbò mọ́ wa lójú.

"Ìgbà ọyẹ́ kẹ̀?" ó ní. "Ta ló gbà yín nímọ̀ràn? Ẹ̀yin ó fẹ̀yìn ti òkè, ẹ ó sì máa bèèrè ibi tí òkè wà. Eruku ló wà níbẹ̀ báyìí, eruku funfun báyìí. Ẹ dúró dìgbà tí òjò bá fọ ojú ọ̀run."

Ohun tí a ń rò ò yàtọ̀: ṣé ojú yìí á dúró de òjò? Èmi ní ká máa lọ bẹ́ẹ̀, bóyá atẹ́gùn á ṣí i díẹ̀. Ìyàwó mi mi orí.

"Eruku ni mò ń wò nínú ilé yìí tẹ́lẹ̀. Mi ò lè wọ mọ́tò lọ wo eruku ní Togo. Ojú mi á dúró."

A wá ń dúró. Mò ń kán oògùn fún un láàárọ̀ àti lálẹ́, mò ń bi í bóyá kí n fi ata díẹ̀ sí i kó lè yára. Ó máa ń jókòó síwájú ilé, á máa pe àwọn tó ń kọjá lórúkọ fún mi kí n lè mọ̀ pé òun ríran. Kì í ṣì í. Ó pẹ́ kí n tó fura pé ohùn wọn àti ìró alùpùpù wọn ló fi ń dá wọn mọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí mò ń lọ sí ilé ìwé, ó kọjú sí mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Fìlà yẹn mà yẹ ọ́ o, Mẹ́tírì."

Mi ò dé fìlà. Mo fọwọ́ kan orí mi.

"O ṣeun," mo ní, mo sì jáde.

Òjò dé. Kajú ti ń já sílẹ̀ nínú oko, ìyàwó mi ní kó máa já. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pè wá láti ẹ̀bá ọ̀nà Alédjo, ó ń pariwo nínú fóònù: "Ó ti mọ́! Ewé orí àpáta ni mò ń wò báyìí! Ẹ máa bọ̀!" A di ẹrù ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ìyàwó mi wọ aṣọ tó ti rán fún ìrìn àjò náà, ó fọwọ́ wá ilẹ̀kùn mọ́tò kàn, ó jókòó sápá ọ̀tún. Mo tan mọ́tò. Ó na ọwọ́ sí mi, ó kan etí mi, ó kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi.

"Pa á," ó wí.

Mo pa á.

"Mi ò rí ojú ẹ. Mo mọ̀ pé o wà níbẹ̀, àmọ́ òjìji lásán ni."

"Màá máa sọ bó ṣe rí fún ọ."

"Kí lo fẹ́ sọ? Ìwọ náà ò rí òkè yẹn rí." Ohùn rẹ̀ ò le. "Tí o bá ní 'wò ó', èmi á ní 'ó dára'. Kpalimé ti jìnnà jù láti lọ purọ́ níbẹ̀."

A jókòó sínú mọ́tò náà títí àwọn adìyẹ fi wá ń jẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tó yá, ó nu ojú, ó fa ìmú.

"Gbé mi lọ sóko," ó ní. "Kajú ń bàjẹ́."

Bá a ṣe gba ọ̀nà oko nìyẹn, pẹ̀lú ẹrù Togo lẹ́yìn wa. Kò pààrọ̀ aṣọ. Ó kúnlẹ̀ sábẹ́ àwọn igi náà, ó ń fọwọ́ méjèèjì ra ilẹ̀, ó ń ṣa kajú sínú agbọ̀n. Ó ń fi púpọ̀ sílẹ̀. Èmi rọra ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn, mò ń ṣa àwọn tó fò, mò ń rọra kó wọn sínú àpò mi kó má baà gbọ́.

"Ò ń ṣa èyí tí mo fi sílẹ̀, àbí?"

"Rárá o. Mo kàn ń nasẹ̀ ni."

"Mẹ́tírì."

"Mò ń gbọ́."

"Má fi ọ̀kankan sílẹ̀ o," ó wí, ó sì ń fọwọ́ ra ilẹ̀ lọ síwájú.