Kòkòrò Tí Sàfúrá Rí Nínú Omi Amù

Láìpẹ́ yìí, mo dúró níwájú ìsọ̀ oníkòkò kan ní Ọjà Akẹ̀sán. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ da omi sínú amù tuntun kan láti wò ó bóyá ó ń jò. Òórùn amọ̀ tútù yẹn ló gbé mi padà sí agbo ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, sí ìgbà tí Sàfúrá kọ̀ tí kò mu omi mọ́.

Ẹ̀yin ọmọ òde òní tí ẹ ń fi eyín ya ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, amù ni tiwa. Èmi àti Sàfúrá, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, la jọ ń pọn omi kún un, kíláàsì kan náà la sì wà. Tíṣà sáyẹ́ǹsì wa, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ aláwàdà kan, ń kọ́ wa nígbà náà bí a ṣe ń fi agbára mẹ́wàá kọ iye tó kéré jọjọ. Lọ́jọ́ kan ó gbé máíkírósíkóòpù wá, ó ní kí a bu omi wá láti ilé. Ta ni yóò kọ́kọ́ wò ó bí kò ṣe Sàfúrá a-yára-bí-àṣá? Ó fi ojú kan sí i, ó figbe ta. Ohun onírun kan ń lúwẹ̀ẹ́ kiri nínú omi amù wa! Tíṣà ní kí ó ya ohun tó rí. Èyí tó yà tóbi tó àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

Láti ìgbà náà, omi kò kan ẹnu rẹ̀ mọ́, ọsàn nìkan ló ń fà mu ní kọ̀rọ̀. Ìyá àgbà rò pé ààwẹ̀ ló ń gbà, wọ́n ń yìn ín: “Ọlọ́hun á gbà á o, Sàfúrá mi.” Nígbà tí ètè rẹ̀ wá ń bó, tí òòyì ń kọ́ ọ, ẹ̀rù ba gbogbo wa. Mo sáré lọ pe tíṣà.

Ó dọ̀bálẹ̀ kí Ìyá àgbà, ó sì na ṣọ́ọ̀kì sí Sàfúrá.

“Báwo ni èyí tí o yà ṣe gùn tó?”

“8 × 10⁻² mítà, sà.”

“Awò máíkírósíkóòpù wa ńkọ́? Ìlọ́po mélòó ló fi sọ ọ́ di ńlá?”

“4 × 10², sà.”

“Ó yá, pín in.”

Sàfúrá kúnlẹ̀, ó ń ṣírò lórí sìmẹ́ńtì àgbàlá, omijé ń kán sórí rẹ̀. Ó pín 8 sí ọ̀nà 4, ó di 2. Ní ti agbára mẹ́wàá, ó yọ 2 kúrò nínú máínọ́ọ̀sì 2, ó di máínọ́ọ̀sì 4. 2 × 10⁻⁴ mítà! Tíṣà mú hóró ìrẹsì kan, ó ní ọgbọ̀n irú kòkòrò yẹn lè tò lórí rẹ̀. “Mààmá, ẹ sáà máa se omi yín kí ẹ tó mu ún.” Ìyá àgbà kò mọ ohun tó ń jẹ́ máínọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n wọ́n ti gbé omi kaná kí ó tó sọ̀rọ̀ tán. Nígbà tó tutù, Sàfúrá gbé ife sẹ́nu, kò sì mí títí ó fi gbẹ. Ọkàn mi balẹ̀ pẹ̀sẹ̀.

Amù ti kúrò ní agbo ilé wa, bọhóòlù ló kù. Ìyá àgbà ti lọ, tíṣà náà ti lọ. Sàfúrá ń ta aṣọ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Lọ́dún tó kọjá, dókítà fi àwòrán kókó kan tó wà lọ́rùn mi hàn mí, ó kún ojú kọ̀ǹpútà bámú. Mo jáde síta, mo sì pe Sàfúrá lórí fóònù. Kò tù mí nínú, kò sì gbàdúrà. Ó ní, “Ìlọ́po mélòó?”

Mo padà wọlé lọ bi dókítà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kókó náà kò ju orí ìṣó lọ, àti pé kì í ṣe irú tó léwu. Mo jókòó, mo sunkún ayọ̀. Sàfúrá ṣì wà lórí fóònù, ó ń dúró kí n sọ ọ́ fún òun ní mítà.